Lọ́yà Orí Àtẹ̀gùn

Ẹ̀gbẹ́ kan gáùn ọkùnrin náà ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì hunjọ bí ojú ẹni tó jẹ ọsàn kíkan. Ohun tí Rọra kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ nìyẹn, kó tó rí ojú rẹ̀ rárá. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu fèrèsé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́, ó ń ka ìwé kan, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Oòrùn àárọ̀ tàn sí i léjìká, ó sì ń tú àṣírí gbogbo ibi tí ayọ́ọ̀nù kò dé.

Kì í ṣe aṣọ ni Rọra wá wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni kì í fini sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi jẹ́ alágbàfọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọge méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Rọra, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn: "Rọra, ó gbóná. Rọra, sílíkì ni." Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e dé ilé ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo yìí ló ní. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gé, òun náà ló ń tún àgádágodo ṣe, Oníkọ́kọ́rọ́ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tó wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní ó wọ ilé dókítà eyín kan, ó sì gbé àpótí góòlù ìyàwó dókítà lọ. Kò sí fèrèsé tó fọ́, kò sí ilẹ̀kùn tó ya. Òun ló sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Máígádì ilé òdìkejì tún ní òun rí i nígbà tó ń jáde. Lójú àwọn ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ ti parí: ajá tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ló jẹ ẹran.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Rọra ti fi ń wá agbẹjọ́rò. Ti àkọ́kọ́ wà nínú ilé alájà mẹ́jọ, akọ̀wé rẹ̀ nìkan ni Rọra sì rí. Akọ̀wé náà ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ẹrẹ̀ ló gbé wọlé. Ẹ̀kejì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó jẹ̀bi. Ẹ̀kẹta gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin, àmọ́ orúnkún Rọra ló tẹjú mọ́ títí tó fi sọ̀rọ̀ tán.

Akọ̀wé kóòtù kan, obìnrin tó ti súnmọ́ àtifẹ̀yìntì, ló rí i níbi tó jókòó sí tó ń fi etí ìró nu ojú. "Ọmọ mi," ó ní, "fi àwọn ọlọ́fíìsì ńlá wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ẹjọ́ ọ̀daràn kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń gbé àdúgbò yìí ni kó o wá, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá ibí mọ̀, tí kò sì ń tijú láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Wo ọ̀gbẹ́ni tó wà lẹ́nu fèrèsé yẹn. Lọ́yà Orí Àtẹ̀gùn là ń pè é."

Rọra ti to ọ̀rọ̀ jọ láti òwúrọ̀. Nígbà tó dé iwájú ọkùnrin náà, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ lọ̀ nínú aṣọ yín."

Ọkùnrin náà wo gáùn rẹ̀, ó wá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ tutù, ó dà bí ojú ẹni tí kò sùn tó ṣùgbọ́n tí kò bá ẹnikẹ́ni bínú nítorí rẹ̀. "Iná ló lọ kí n tó yí i padà," ó ní. "Mo rò pé bí mo bá dúró ní ìbú, adájọ́ kò ní rí i."

"Adájọ́ lè má rí i. Èmi rí i."

"Ẹ̀yin ni adájọ́ aṣọ nìyẹn. Kí ni ìdájọ́ mi?"

Rọra fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ọkùnrin náà kò sọ pé kó má sunkún. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi ọwọ́ hàn án níbi tí àga wà, ó sì dúró níwájú rẹ̀ ní ìbú, kí àwọn tó ń kọjá má baà rí i.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà kan. Ẹ̀gbẹ́ ògiri níta ni àtẹ̀gùn rẹ̀ gbà, ó sì ga débi pé ẹni tó bá gùn ún dé òkè á kọ́kọ́ gbàgbé ohun tó bá wá. Yàrá kan ni, tábìlì kan, àga mẹ́ta, fáìlì tó ga dé fèrèsé. Ó fa ìlà sí àárín bébà funfun kan.

"Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀," ó ní. "Èwo lẹ fi ojú yín rí, èwo ni wọ́n sọ fún yín?"

Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n sọ ló ń kún, tí ẹ̀gbẹ́ ohun tó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nígbà tó máa fi sọ ọ́ tán, ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá nítorí pé ọkùnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò sọ fún un ohun tó yẹ kó gbà gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lọ́yà kí ọ̀gá wọn, ó kí ẹni tó ń gbálẹ̀, ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí mẹ́ta bí ẹni tó wá gba afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, ó sú wọn, wọ́n mú Oníkọ́kọ́rọ́ jáde. Kò wọ bàtà. Ohun tó kọ́kọ́ bi àbúrò rẹ̀ ni pé, "Ṣé orúnkún Màmá ṣì ń dùn ún?"

Adájọ́ kò gbà kí wọ́n gba béèlì rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kó máa retí ẹjọ́, ìretí náà sì di oṣù kan, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́fà. Lónìí adájọ́ kò wá. Ìgbà mìíràn ẹlẹ́rìí ló sọnù. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kò ní epo.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Rọra ń lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò. Ọjọ́bọ̀ náà ni Lọ́yà ń lọ rí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì ṣe àdéhùn, àmọ́ bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Bí Rọra bá kọ́kọ́ dé, á jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kan lọ. Bí Lọ́yà bá kọ́kọ́ dé, òun náà á ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni Rọra na ọwọ́ sí i pé kó mú gáùn rẹ̀ wá.

"Kí ló ṣe é?" ni Lọ́yà bi í.

"Bí ẹ bá wọ èyí gbèjà ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹjọ́ náà nìkan lẹ mọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni gáùn náà wà. Òun ló máa ń lọ̀ kẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ jẹun ọ̀sán. Á ti ọwọ́ bọ inú apá aṣọ náà láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ó máa ń gbẹ. Síbẹ̀ á fi ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, á máa wo títì. Àwọn ọmọge méjì náà mọ̀. Ọ̀kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, rọra o, ó gbóná," ìkejì á bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́yà kò fọwọ́ kàn án rí. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, á na ọwọ́ láti gbà á mú, á wá fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tó rántí nǹkan. Rọra ń gbé àìfọwọ́kàn yìí lọ sílé. Ó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìka rẹ̀ àti ìka òun kò ju fífẹ̀ ojú abẹ́rẹ́ lọ, kò sì rí ẹni tó máa bá òun fò ó.

Òjò ká wọn mọ́ níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ kan. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo omi tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

"Rọra," Lọ́yà ní. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò ní sọ fún ọ."

Rọra gbọ́ "ọ" yẹn. Oṣù márùn-ún ni ọkùnrin yìí ti ń fi ẹ̀yin pè é bí ẹni ń pe ìyá ìyàwó. "Kí ló dé tí ẹ kò ní sọ ọ́?" ó bi í.

"Fáìlì ẹ̀gbọ́n rẹ wà lórí tábìlì mi. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, o kò ní mọ̀ bóyá èmi lo fẹ́, àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́ láti kọ̀. Èmi náà kò ní mọ̀."

"Ẹ ti sọ ọ́ tán nìyẹn."

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Ó dáa," Rọra ní. "Èmi náà kò tíì gbọ́."

Òjò dá. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ dìde nínú wọn.

Ìyá wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, kò tíì fojú kan Lọ́yà. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jìnnà sílé. Ohun tó mọ̀ kò ju pé lọ́yà kan wà, pé ó ń ṣe dáadáa, pé ọmọ òun obìnrin máa ń pẹ́ níwájú dígí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, Lọ́yà ní òun gbọ́dọ̀ rí Màmá, nítorí Oníkọ́kọ́rọ́ sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun wà ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n jalè náà.

Rọra fọ kọ́tìnnì, ó nu àga, ó sì fi omi sórí iná fún tíì. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká àwọn aṣọ ọmọdé tí àwọn oníbàárà kó wá.

"Màmá, lọ́yà wa ti dé."

Màmá gbójú sókè. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ," ó ní.

Lọ́yà dúró sójú kan lẹ́nu ọ̀nà. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá," ó ní, "ẹ dárí jì mí. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Jáde nílé mi." Kò pariwo. Ohùn tó fi sọ ọ́ burú ju ariwo lọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti padé, Màmá sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí Rọra wà ní ìlú mìíràn tó ń kọ́ṣẹ́, lọ́rì kan kọlu bàbá wọn lórí kẹ̀kẹ́ tó fi ń pín lẹ́tà, ó sì kú. Wọ́n mú dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Màmá jẹ́rìí ní kóòtù nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní lọ́rì náà kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, ó sì lé bàbá wọn dé ẹ̀bá títì. Agbẹjọ́rò dẹ́rẹ́bà dìde, ọ̀dọ́kùnrin kan tó tínínrín. Ó bi í pé, "Màmá, èwo lẹ fi ojú yín rí, èwo ni wọ́n sọ fún yín?"

"Mo la ẹnu mi," Màmá ní, "ọ̀rọ̀ kò jáde. Inú ilé ìdáná ni mo wà nígbà tí wọ́n wá pè mí. Àwọn èèyàn ń kùn lẹ́yìn mi. Wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀. Bàbá yín ò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀, ọkùnrin yẹn ti sọ mí di òpùrọ́ lójú ayé."

Lọ́yà kò mọ̀ ọ́n láti inú fáìlì, nítorí orúkọ dẹ́rẹ́bà ló wà lára fáìlì ìgbà yẹn, kì í ṣe orúkọ òkú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti mọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Oníkọ́kọ́rọ́ fi iwájú orí ti irin ojú fèrèsé ọgbà ẹ̀wọ̀n.

"Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní," ó ní.

"O mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́?"

"Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn. Inú bí mi bí ẹni pé kí n pa á. Àmọ́ mo gbọ́ ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó lè wo ojú opó kó bi í ní irú ìbéèrè yẹn, á bi máígádì náà. Àbúrò mi, mi ò fẹ́ lọ́yà mìíràn. Sọ fún Màmá."

Rọra sọ ọ́. Màmá gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló dì mú.

"Kó gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ, bó bá jẹ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kó tún bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ láyé yìí. Mo sì rí bí ojú rẹ ṣe rí nígbà tó wọlé. Èmi ni mo bí ọ. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ yìí bá parí, kí ìwọ àti òun má mọ ara yín mọ́. Ṣèlérí fún mi."

Rọra wo orúnkún tó wú, ó wo irun tó funfun lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ó ṣèlérí.

Orí àtẹ̀gùn ló ti sọ ọ́ fún Lọ́yà, lọ́wọ́ ọ̀sán, tí aránbàtà ń kan ìṣó nísàlẹ̀ wọn. Lọ́yà di irin àtẹ̀gùn mú, ó tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Ó tọ́ sí Màmá," ó ní.

"Ṣé ẹ kò ní sọ nǹkan mìíràn ni?"

"Bí mo bá tún la ẹnu, ohun tí kò yẹ kí n sọ ló máa jáde."

Rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú un lọ, àmọ́ etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń retí kí àtẹ̀gùn dún. Kò dún.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, bí Rọra ṣe ń múra, ó rí Màmá tó ti wọṣọ, tó fi ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́," ni gbogbo ohun tó sọ. Wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Máígádì ni ẹlẹ́rìí tó kẹ́yìn fún ìjọba. Àgbàlagbà ni, kò sì jọ èèyàn burúkú. Ó ní ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òun rí Oníkọ́kọ́rọ́ tó gbé àpótí jáde nílé dókítà. Lọ́yà dìde nínú gáùn tí Rọra lọ̀ fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ tẹ́jú.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Nígbà tí ẹ rí ọkùnrin náà, ṣé ojú rẹ̀ lẹ rí ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ni. Ó ti ń lọ."

"Ẹ ti mọ Oníkọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀?"

"Rárá. Ní àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti fi hàn mí. Wọ́n ní òun ló pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé náà."

Rọra rí i pé Lọ́yà mí kanlẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀.

"Bàbá, n kò pè yín ní òpùrọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi yà á sọ́tọ̀ ni. Èwo lẹ fi ojú yín rí, èwo ni wọ́n sọ fún yín?"

Àgbàlagbà náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo rí ọkùnrin kan tó gbé àpótí," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ìyókù, wọ́n sọ ọ́ fún mi."

Rọra kò lè wo Màmá. Nígbà tó wò ó, Màmá kò sunkún. Ó ń wo máígádì tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi ìjẹ́rìí, bí ẹni tó rí ara rẹ̀ lọ́nà jíjìn.

"Ìyá dẹ́rẹ́bà yẹn jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà," ó ní jẹ́jẹ́. "Ibi tí mo jókòó sí yìí. N kò wo ojú rẹ̀." Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. "Lọ sọ fún lọ́yà kó pè mí jẹ́rìí."

Agbẹjọ́rò ìjọba takò ó. Ó ní obìnrin náà ti jókòó gbọ́ ẹ̀rí ẹlòmíràn. Adájọ́ ní òun yóò gbọ́ ọ, òun yóò sì fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí òun bá ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kí Màmá tó rìn dé iwájú. Lọ́yà fa àga fún un, ó sì tẹ orí ba fún un kó tó bi í.

"Màmá, níbo ni ọmọ yín wà ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà?"

"Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ mi. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè tẹ̀ débẹ̀. Wọ́n ń ka ìròyìn agogo márùn-ún lórí rédíò, ó tẹ́tí sí i, ó sì gé mi lára ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Mo gbá a lórí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oníkọ́kọ́rọ́ fọwọ́ bo ojú níbi tó dúró sí.

"Ta ló sọ èyí fún yín, Màmá?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Eléyìí, ojú mi ló rí i."

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. "Ìyá rẹ̀ ni yín. Ìyá wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ?"

"Òótọ́ lẹ sọ," Màmá ní. "Mo ti sọ ohun tí n kò rí, nínú kóòtù yìí kan náà. Mo mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, adájọ́ dá Oníkọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Oṣù yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi rí àpótí náà lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó dókítà, tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níwájú kóòtù, Lọ́yà bọ Oníkọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, ó wo Rọra lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹjọ́ ti parí. Ìlérí ti bẹ̀rẹ̀.

Rọra kì í ṣe ẹni tó ń yẹ àdéhùn. Ó ń gba títì mìíràn lọ ra ọṣẹ kó má baà kọjá lábẹ́ àtẹ̀gùn náà. Ọjọ́bọ̀ ló le jù. Bí agogo mẹ́sàn-án bá ti lù, ara rẹ̀ á dìde fúnra rẹ̀, á wá rántí pé kò síbi tí òun ń lọ. Ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà: lọ́yà yẹn gba ọmọ lágbájá sílẹ̀, lọ́yà yẹn rù. Ṣé ó rù lóòótọ́? Kò lè béèrè. Lọ́jọ́ kan ó rí i láti inú bọ́ọ̀sì, ó ń sá kọjá títì, gáùn lápá. Ẹlòmíràn ló lọ aṣọ náà, ó sì ti jẹ́ kí iná jù ú, ó ń dán gbinrin. Rọra kò mọ̀ pé èèyàn lè jowú ayọ́ọ̀nù. Ó yí ojú sí fèrèsé kejì, ó sunkún dé ibùdókọ̀.

Oníkọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá," ó ní lọ́jọ́ kan nígbà tó rò pé àbúrò òun kò gbọ́, "ẹ tú mi sílẹ̀, ẹ wá ti ẹlòmíràn mọ́lé." Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń wo Rọra bó ṣe máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Oṣù kẹta pé. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Rọra bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kò bá Màmá. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bàtà rẹ̀ kò sí. Ó wá a dé ilé aládùúgbò, ó wá a dé ẹnu iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnì kan ní òun rí i tó ń lọ síhà òpópónà àwọn aránbàtà. Rọra sáré.

Aránbàtà na òòlù sókè. "Ìyá yín wà lókè. Wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mẹfà kí wọ́n tó débẹ̀. Mo ní kí n pe lọ́yà wá bá wọn nísàlẹ̀, wọ́n ní rárá."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Màmá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, Lọ́yà sì fa àga tirẹ̀ wá síwájú tábìlì, kí nǹkan kan má baà wà láàárín wọn.

"Ọmọ náà ńkọ́?" Màmá ń bi í. "Dẹ́rẹ́bà yẹn."

"Kò wa ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Táyà ló ń lẹ̀ báyìí. Bàbá ló já wọ iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Màmá, nítorí ihò tó wà lójú ọ̀nà. Ó ṣì máa ń béèrè yín lọ́wọ́ mi."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó kú. Ṣùgbọ́n ó rí ọmọ rẹ̀ kó tó kú."

Màmá mi orí. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà lọ́jọ́ kan."

"N ó mú yín lọ." Lọ́yà bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá, ó yẹ kí n bi yín ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bi yín kọ́ ló yẹ kí n bi yín. Mo ṣì kéré, mo fẹ́ borí. N kò wo aṣọ tó wà lọ́rùn yín. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń gbìyànjú láti bi í dáadáa."

"O bi máígádì dáadáa," Màmá ní. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Láìyí ojú padà, ó ní, "Ìwọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọlé. Mo dá ìlérí tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ padà fún ọ. Ẹ̀dùn ọkàn tèmi ni mo dì lé ọ lórí, kì í ṣe ẹrù rẹ."

Rọra wọlé. Kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Lọ́yà rù lóòótọ́.

Àtẹ̀gùn náà le láti sọ̀ ju àtigùn lọ. Wọ́n gbá Màmá mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n ń mú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn Màmá, níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ gbà á ró, ọwọ́ méjì pàdé. Kò sí èyí tó sá.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ mí kalẹ̀ ná," Màmá ní, "kẹ́ ẹ tó máa di ara yín mú."

Nígbà tí wọ́n dé títì, Màmá ní òun lè dá rìn. Ó ń lọ níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń kí àwọn tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn méjèèjì ń tẹ̀lé e, wọ́n rọra ń rìn.

"N kò ní nǹkan púpọ̀," Lọ́yà ní. "Yàrá méjì ni ilé mi, ìwé ló sì kún ọ̀kan. Àwọn èèyàn máa ń wá kan ilẹ̀kùn mi ní ìdájí, nítorí pé wọ́n ti mú ọmọ wọn. Wọn kì í ní sùúrù, òmíràn kì í wọ bàtà. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mo sì fẹ́ fẹ́ ọ. Ṣé o lè bá mi gbé irú ilé bẹ́ẹ̀?"

Rọra ronú nípa ilé alájà mẹ́jọ, nípa akọ̀wé tó ń wo bàtà òun, nípa ọjọ́ mẹ́ta tí òun fi lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

"Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn," ó ní, "èmi ni kó o jẹ́ kí n máa lọ ṣí i. Mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó dúró síta."

Níwájú wọn, Màmá dín ìrìn rẹ̀ kù, ó dúró dè wọ́n.